Ta Ni Ẹbí Ajá?

1/ Ẹ̀yin tèmi, ìbéèrè kan rèé. Ajá, ìkookò, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀, ajáko: èwo ni kì í ṣe ẹbí nínú wọn? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yóò mú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Rárá o. Ìkookò ni àlejò àárín wọn. Ọ̀dọ̀ ológbò ni ẹbí tiẹ̀ wà. Ẹ fìdí kalẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, àmọ́ kó tó parí, ó máa kan ajá tó wà lẹ́nu ọ̀nà yín.

2/ Àwọn àgbà ní ohun tó bá jọ ohun la fi ń wé ohun. Èèpo ẹ̀pà ló jọ pósí ẹ̀lírí. Òótọ́ ni, ó jọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá gbà pé pósí ni èèpo ẹ̀pà lóòótọ́, ó ti ṣìnà. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe sí ẹbí ajá nìyẹn fún ohun tó lé ní 200 ọdún. Wọ́n rí ìjọra, wọ́n pè é ní ìran.

3/ Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún orúkọ ṣe kí á má bàa ṣi ara wa gbọ́. Ìkookò tí àwọn baba wa mọ̀ ni èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kura. Ìdí rẹ̀ rẹlẹ̀ ju èjìká lọ, ó lè fi eyín rún egungun màlúù, igbe rẹ̀ sì lè dà bí ẹ̀rín lóru. Ẹ lè ti rí fọ́tò àwọn tó ń fi ṣéènì mú un kiri ìgboro lókè Ọya.

4/ Nígbà tí wọ́n ń túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá ní ọ̀rúndún 19, iṣẹ́ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther ṣe gudugudu méje nínú rẹ̀, wọ́n bá ẹranko kan pàdé nínú ìwé tí kò gbé ilẹ̀ wa rí: èyí tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní wolf. Wọ́n ní láti fún un lórúkọ. Ìkookò ni wọ́n mú. Àwọn méjèèjì ló ń gbé àgùntàn lọ, àwọn méjèèjì ló ń ba darandaran lẹ́rù. Ìtumọ̀ náà yé onígbàgbọ́ kíákíá.

5/ Mi ò bá wọn wí o. Ìwé Mímọ́ ni wọ́n ń túmọ̀, wọn ò kọ ìwé ẹranko. Àmọ́ láti ìgbà náà, orúkọ kan ń jẹ́ ẹranko méjì tí kò bára tan. Nínú ọ̀rọ̀ mi lónìí, wolf ni n ó máa pe ti òkè òkun, ìkookò tiwa á sì máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ lọ.

6/ Ẹni tó bá fẹ́ fi àwọn atúmọ̀ wa rẹ́rìn-ín, kó dúró ná. Carl Linnaeus, ará Sweden, ni gbogbo ayé ń kí pé ó kọ́ wa bí a ṣe ń fi orúkọ Látìn méjì-méjì pe ẹ̀dá. Ní 1758, ó tẹ ẹ̀dà kẹwàá ìwé Systema Naturae. Nínú rẹ̀, ó kó ajá àti ẹbí rẹ̀ sábẹ́ orúkọ kan, Canis. Ajá di Canis familiaris. Wolf di Canis lupus. Ajáko aláwọ̀ wúrà di Canis aureus. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ di Canis vulpes.

7/ Ó wá fi ẹnìkan kún un: Canis hyaena. Ìkookò nìyẹn! Ọ̀gá àwọn asọrúkọ fúnra rẹ̀ wo ìkookò, ó ní ajá ni. Ẹnu gígùn, ẹsẹ̀ gígùn, eyín tó le. Ojú ló fi wò ó, ojú sì tàn án. Bó ṣe ń wá àmì tó máa fi ya ajá sọ́tọ̀ láàárín àwọn yòókù, ìrù ló dì mú: ìrù ajá máa ń ká sókè. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ìrù yẹn sọ́kàn, a máa padà síbẹ̀.

8/ Ó kù. Ní 1820, ará Netherlands kan, Coenraad Temminck, rí ẹranko kan tí wọ́n mú wá láti etíkun Mozambique. Ara rẹ̀ dúdú, ó funfun, ó pọ́n rúsúrúsú, bí ẹni da ọ̀dà sí i lára. Etí rẹ̀ tóbi, ó rí ribiti. Ìka mẹ́rin péré ló wà ní ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀, ajá sì ní márùn-ún. Temminck ní ìkookò ni, ó sọ ọ́ ní Hyaena picta, ìkookò alámì.

9/ Ẹranko yìí ni ajá igbó Áfíríkà, ẹbí ajá pọ́ńbélé! Ó di 1827 kí Joshua Brookes ní Lọ́ńdọ̀nù tó dá a padà sílé àwọn ajá. Ẹ wò ó: 1758, wọ́n pe ìkookò ní ajá. 1820, wọ́n pe ajá ní ìkookò. Àwọn ọ̀mọ̀wé gidi ni gbogbo wọn o, wọ́n kàwé yanjú.

10/ Kí ni òtítọ́ ibẹ̀? Àwọn ẹranko apẹranjẹ pín sí agbo ilé ńlá méjì. Agbo ilé kan ni ti ajá, béárì àti àwọn mìíràn. Ìkejì ni ti ológbò, kìnnìún, ẹkùn, ẹtà, àti ìkookò. Àwọn agbo ilé méjèèjì ti pínyà láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 40 ọdún. Ìkookò jọ ajá nítorí pé iṣẹ́ wọn jọra: kí wọ́n máa sáré tọ ẹran lọ ní pápá gbalasa, kí wọ́n fi ẹnu mú un. Ọdẹ Ìrágbìjí àti ọdẹ Ṣakí lè jọ wọ gbérí, kí wọ́n jọ gbé àpò kọ́ èjìká. Ta ló máa torí ìyẹn sọ pé ìyá kan ló bí wọn?

11/ Ọ̀rọ̀ ìkookò rọrùn láti tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ajá fúnra rẹ̀ ló le. Ta ni bàbá rẹ̀? Charles Darwin kọ̀wé lórí ẹran ọ̀sìn ní 1868, ó ro ó síwá, ó ro ó sẹ́yìn. Ajá kan ò ju ẹsẹ̀ bàtà lọ, òmíràn tó ọmọ màlúù. Òun náà ò gbà pé ìran ẹranko igbó kan ṣoṣo ló bí gbogbo wọn. Ó ní wọn ò ní ṣàì jẹ́ ọmọ wolf oríṣiríṣi àti ajáko pẹ̀lú.

12/ Lẹ́yìn rẹ̀ ni Konrad Lorenz dé, ará Austria tó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1973. Nínú ìwé rẹ̀ lórí ajá tó jáde ní 1950, ó pín ajá ayé sí méjì: ọ̀pọ̀ jù lọ jẹ́ ọmọ ajáko aláwọ̀ wúrà, díẹ̀ jẹ́ ọmọ wolf. Ìwà ló fi dá wọn mọ̀. Èyí tó bá rọ̀, tó ń bá gbogbo èèyàn ṣeré, ọmọ ajáko. Èyí tó mọ olówó rẹ̀ nìkan, ọmọ wolf. Ìwé náà ta gan-an. Nígbà tó yá, Lorenz fúnra rẹ̀ yọwọ́ kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà.

13/ Bí ọmọ ò bá jọ ṣòkòtò, á jọ kíjìpá. Ìyẹn fún èèyàn. Kí ló dé tí ti ajá fi ń tan ojú tó báyìí? Ìdáhùn kan wá láti Rọ́ṣíà. Ní 1959, Dmitri Belyaev bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nítòsí Novosibirsk pẹ̀lú Lyudmila Trut. Wọ́n kó kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ jọ láti oko tí wọ́n ti ń sìn wọ́n fún awọ. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń wò lára wọn: èwo ni kì í fi bẹ́ẹ̀ bẹ̀rù èèyàn? Òun ni wọ́n ń jẹ́ kó bímọ.

14/ Kò pẹ́ rárá. Láàárín ìran mélòó kan, kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìrù bí ó bá ti rí èèyàn. Lẹ́yìn náà, etí àwọn kan ń ṣubú lulẹ̀, awọ àwọn kan ń ní àmì funfun. Ìrù ńkọ́? Ìrù ń ká sókè! Èdìdì tí Linnaeus fi sí ara ajá, ó yọ lára kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Kò sí ẹnì kan tó ṣà wọ́n nítorí ìrù tàbí etí. Ìwà rírọ̀ nìkan ni wọ́n ń ṣà, àwòrán ara ń tẹ̀ lé e bọ̀.

15/ Èyí ló jẹ́ kó yé mi pé ara ẹranko lè yí padà kíákíá bí a bá ń yan èyí tó máa bímọ. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìran ní láti wá ohun tí ojú ò lè rí. Ohun náà ni DNA, ìwé ìran tó wà nínú ara gbogbo ẹ̀dá. Ọmọ ń gba ìdajì lọ́dọ̀ bàbá, ìdajì lọ́dọ̀ ìyá. Díẹ̀ kan sì wà tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ìyá nìkan ló ti ń wá.

16/ Apá ti ìyá yìí ni Carles Vilà, Robert Wayne àti àwọn ẹgbẹ́ wọn kà ní 1997. Wolf 162, ajá 140 láti inú irú ajá 67. Wọ́n fi ajáko àti coyote ilẹ̀ Amẹ́ríkà wé wọn. Gbogbo ajá ló bọ́ sọ́dọ̀ wolf. Kékeré, ńlá, onírun, aláìnírun, wolf ni. Kò sí ọ̀kan tó bọ́ sọ́dọ̀ ajáko. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ń fà láti ìgbà Darwin parí síbẹ̀.

17/ Ní 2005, wọ́n ka odindi DNA ajá kan. Irú boxer ni, abo, Tasha ni orúkọ rẹ̀. Láti ibẹ̀ ni igi ìran ẹbí ajá ti ń yọjú kedere. Wolf ló sún mọ́ ajá jù. Lẹ́yìn rẹ̀ ni coyote, ajáko aláwọ̀ wúrà, àti wolf orí òkè Etiópíà. Lẹ́yìn náà ni ajá igbó Áfíríkà tí Temminck pè ní ìkookò. Àwọn ajáko méjì kan ní Áfíríkà, ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n wà. Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ ló jìnnà jù nínú gbogbo wọn.

18/ Ẹ rí bí ó ṣe yani lẹ́nu tó? Ajáko tó ní ìlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, tó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn wa, jọ ajá dáadáa. Ajá igbó onítọ̀tọ̀ kò jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ onítọ̀tọ̀ ló sún mọ́ ajá ju ajáko ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà lọ.

19/ Ní 2014, ìyàlẹ́nu mìíràn dé. Àwọn onímọ̀ mú wolf mẹ́ta: ọ̀kan láti Croatia, ọ̀kan láti Ísírẹ́lì, ọ̀kan láti Ṣáínà. Wọ́n rò pé ajá máa sún mọ́ ọ̀kan nínú wọn, ibẹ̀ ni a ó sì ti mọ ìlú tí wọ́n ti bí ajá. Wọ́n tún mú ajá méjì: dingo láti Australia àti Basenji láti ẹkùn Kóńgò. Wolf ò sí ní ilẹ̀ àwọn ajá méjèèjì yìí, ẹ̀jẹ̀ wolf òde òní ò lè ti yọ́ wọ inú wọn.

20/ Ajá ò sún mọ́ ìkankan nínú wolf mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ju èkejì lọ. Àwọn wolf jọ wà lápá kan, àwọn ajá jọ wà lápá kejì. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wolf tó bí ajá ti run láyé. Èyí tó wà lónìí kì í ṣe bàbá ajá. Ọmọ bàbá kan náà ni wọ́n, bàbá náà ti kú, kò sì fi àwòrán sílẹ̀.

21/ Ìgbà wo ni wọ́n wá pínyà? Ẹ̀rí kan wà tí ọkàn mi máa ń lọ sí. Ní 1914, àwọn tó ń fọ́ òkúta ní Oberkassel, nítòsí Bonn ní Jámánì, já lu sàréè kan. Ọkùnrin kan, obìnrin kan, àti egungun ẹranko. Ó pẹ́ kí wọ́n tó mọ̀ pé egungun ajá wà níbẹ̀. Sàréè náà ti tó nǹkan bí 14,000 ọdún.

22/ Ní 2018, wọ́n tún eyín ajá náà yẹ̀ wò. Ọmọ ajá ni, kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́fà àtààbọ̀ lọ nígbà tó kú. Àmì tó wà lára eyín rẹ̀ fi hàn pé àrùn tí wọ́n ń pè ní distemper ti ṣe é, bóyá lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àrùn yìí ń pa ọmọ ajá kíákíá bí kò bá rí ìtọ́jú. Ó ní láti jẹ́ pé ẹnì kan ń fún un lómi, ń nu èébì rẹ̀, ń jẹ́ kí ara rẹ̀ móoru. Ajá aláìsàn ò lè ṣọdẹ, kò lè ṣọ́lé. Wọ́n tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì sin ín sàréè èèyàn. Ẹ fi orúkọ àrùn yẹn náà sọ́kàn.

23/ Ní 2020, Anders Bergström àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ka DNA ajá àtijọ́ 27. Nígbà tó fi máa di 11,000 ọdún sẹ́yìn, ẹ̀ka ajá márùn-ún ó kéré tán ti wà lórí ilẹ̀ ayé. Ẹnikẹ́ni ò tíì máa gbin àgbàdo nígbà náà. Ní 2022, wọ́n ka ti wolf àtijọ́ 72. Ajá lápapọ̀ sún mọ́ wolf ìlà-oòrùn àtijọ́ jù. Àmọ́ ajá Áfíríkà àti ti Àárín Gbùngbùn Ìlà-Oòrùn ní ìdílé kejì: ohun tó tó ìdajì ìran wọn lè wá láti ọ̀dọ̀ wolf ìhà ìwọ̀-oòrùn.

24/ Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ilé nìyí. Ní àdúgbò mi, ẹni tó bá fẹ́ ta ọmọ ajá á kọ́kọ́ pe orúkọ orílẹ̀-èdè. Ti Jámánì nìyí, ti Rọ́ṣíà nìyí. Tiwa ńkọ́? Ekuke. Bingo. Ajá lásán. Wọ́n á ní kò ní ìran, wọ́n á ní àdàlù ni.

25/ Ẹ jẹ́ ká fi ọjọ́ orí wé ara. Ẹgbẹ́ Kennel Club ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìwé ìran fún ajá, 1873 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Ajá German Shepherd tí wọ́n ń fi owó ńlá rà ní Èkó, 1899 ni Max von Stephanitz bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ìṣẹ́ ọwọ́ àná ni. Ọ̀pọ̀ nínú irú ajá olówó ńlá ni kò tó 200 ọdún.

26/ Ní 2009, Adam Boyko àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ẹ̀jẹ̀ ajá abúlé 318 ní Íjíbítì, Ùgáńdà àti Namibia. Púpọ̀ nínú wọn kì í ṣe àdàlù ajá òyìnbó rárá. Ọmọ onílé ni wọ́n, ìran àwọn ajá tó bá èèyàn wọ Áfíríkà láyé àtijọ́. Ní apá kan Namibia, ti òyìnbó ti bo ti ilé mọ́lẹ̀. Wọ́n tún yẹ àwọn olórúkọ ńlá wò. Basenji jẹ́ ará Áfíríkà lóòótọ́. Èyí tó ń jẹ́ Pharaoh Hound, tó fi orúkọ ọba Íjíbítì yangàn, ọ̀pọ̀ ìran tiẹ̀ ò ti Áfíríkà wá. Orúkọ tún ṣe tiẹ̀.

27/ Ajá wa ní ìtàn nínú ara. Ní 2013, Erik Axelsson àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Sweden rí i pé jíìnì tó ń lọ oúnjẹ onísítáàṣì, méjì péré ni wolf ní. Ajá lè ní mẹ́rin, ó lè tó 30. Ìdí nìyẹn tí ajá fi ń jẹ ẹ̀bà àti ẹ̀kọ tutù tí ara rẹ̀ sì ń gbà á. Àwọn dingo tí kò gbé lọ́dọ̀ àgbẹ̀ kò ní i tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń fún ajá ní èérún ẹ̀bà lónìí ń ṣe ohun tó ti yí ara ajá padà láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún.

28/ Ní 2018, àwọn onímọ̀ ka DNA ajá Áfíríkà, ajá Nàìjíríà sì wà nínú wọn. Wọ́n rí jíìnì kan lára àwọn ajá náà tó jọ pé ó ń ran ara lọ́wọ́ láti bá kòkòrò ìdílé ibà jà. Ohun tí ẹ̀fọn àti eégbọn ilẹ̀ olóoru ti fi ṣe àwa èèyàn náà ló ti ṣe wọ́n. Ajá tí ẹ ń pè ní lásán ti san owó ilé rẹ̀ níbí fún ìgbà pípẹ́.

29/ Ajáko ńkọ́? Bí mo ṣe ń gbọ́ orúkọ yẹn sí, ajá àti oko ló wà nínú rẹ̀, ajá oko. Àwọn ọdẹ wa fi ajá sínú orúkọ ajáko, wọn ò fi sínú ti ìkookò. Linnaeus ò rí i bẹ́ẹ̀. Mi ò ní ká torí ìyẹn máa gbéraga, mo kàn ní ká kíyè sí i.

30/ Ní 2015, Klaus-Peter Koepfli àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi DNA ajáko aláwọ̀ wúrà ti Áfíríkà wé ti Éṣíà. Gbogbo ìwé ti ń pe méjèèjì ní ẹranko kan láti ìgbà pípẹ́. Wọ́n jọra bí ìbejì. DNA ní ó ti lé ní mílíọ̀nù 1 ọdún tí wọ́n ti pínyà, ti Áfíríkà sì sún mọ́ wolf ju ti Éṣíà lọ. Wọ́n sọ ọ́ di wolf Áfíríkà. Ó wà láti Senegal dé Íjíbítì, ó dé Tanzania, àríwá Nàìjíríà sì wà lójú ọ̀nà rẹ̀.

31/ Ẹ wo bí ayé ṣe yí. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì wá wolf títí, wọ́n fi ìkookò dí àlàfo. Wolf kan sì wà ní Nàìjíríà gbogbo ìgbà yẹn tó ń jẹ́ ajáko. Kò sí ẹni tó mọ̀, ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí níbí.

32/ Ẹbí ní ìdí tó fi ṣe pàtàkì. Àrùn tó bá mú ajá lè mú ẹbí rẹ̀ nínú igbó. Distemper tó ṣe ọmọ ajá Oberkassel ṣì wà. Dìgbòlugi náà wà. Ní Serengeti ní Tanzania, dìgbòlugi wọ àárín àwọn ajá igbó ní 1990. Nígbà tó fi máa di 1991, agbo tí àwọn onímọ̀ ń tọ́pa ti pòórá. Lórí òkè Bale ní Etiópíà, dìgbòlugi láti ara ajá ilé ti pa wolf ibẹ̀ lọ bẹẹrẹ ní 1991 àti ní 2003. Àwọn àgbà wolf yẹn tó kù láyé ò tó 500.

33/ Ajá igbó Áfíríkà tó kù ní gbogbo ilẹ̀ yìí, ìṣirò 2012 fi í sí nǹkan bí 6,600. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ló ti burú jù. Díẹ̀ ló kù ní Niokolo-Koba ní Senegal, díẹ̀ sì wà ní igbó ọba tí Benin, Burkina Faso àti Niger jọ pín. Igbó Pendjari, ní ilẹ̀ Benin, wà lára rẹ̀. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ inú ìwé nìkan ni àwọn ọmọ wa ti máa rí i.

34/ Àwa náà wà nínú rẹ̀. Nínú 100 èèyàn tí dìgbòlugi ń pa láyé, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ajá ló kó o ràn wọ́n. Bí àmì rẹ̀ bá ti yọ lára, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó ń yè é. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ajá ló ń dá a dúró. Ẹ gbé Bingo yín lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran kó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi àti ti distemper. Bí ajá bá géèyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì forí lé ọsibítù lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dúró wo ohun tó máa ṣe.

35/ Ọ̀rọ̀ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Mo ń kó orúkọ jọ. Ẹni tó bá ní bàbá, bàbá àgbà tàbí ẹ̀gbọ́n tó jẹ́ ọdẹ, ní Òkè-Ògùn, ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ẹ́, ní Èkìtì, níbikíbi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi wọ́n léèrè: kí ni ẹ ń pe ajáko ní ẹ̀ka èdè yín? Irú mélòó ni ẹ mọ̀? Ǹjẹ́ ẹ rí ajá igbó onítọ̀tọ̀ rí, kí ni orúkọ rẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí pẹ̀lú orúkọ ìlú, kí ẹ sì fi àmì ohùn sí i bí ẹ bá lè ṣe é. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ń dàgbà lọ, àwọn ẹranko náà ń tán lọ.